Láwùmí Tó Fi Òṣùwọ̀n Bá Mi Gbẹ̀san

Ojú tí mo fi wo Gbádérọ̀ lọ́dún tó kọjá, ká ní ojú ń pani ni, ì bá ti kú. Mo tètè sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé èmi ni ẹni rere inú ìtàn yìí. Ẹni rere ibẹ̀ ni Láwùmí, obìnrin kúkúrú kan tó máa ń gbé àkàbà irin kiri Agbówó, tó ń tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe nílé onílé. Nípa tirẹ̀ ni mo fẹ́ kọ. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ tirẹ̀ kí n má sọ ohun tó gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, ohun náà kò sì dára.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà ní Ṣakí. Aṣọ ni mo rán jẹun ní Dùgbẹ̀, ọdún méjìlélọ́gbọ̀n lórí máṣíìnì kan ṣoṣo. Ọkọ mi, Àkànmú, ló kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí mo ń gbé ní Agbówó. Ojúlé mẹ́jọ ló wà níbẹ̀; tèmi jẹ́ ọ̀kan, àwọn ayálégbé ló wà nínú méje tó kù. Nígbà ayé ọkọ mi ni gbogbo wa pawọ́ pọ̀ gbé àwo funfun kan sórí òrùlé, òun ló ń gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì wálé fún gbogbo ojúlé. Ti orí fóònù kì í dé ẹ̀yìnkùlé wa dáadáa, àwọn ilé gíga tó yí wa ká ti dí i. Àwo yẹn ni ojú wa, òun náà ni etí wa.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kejì ọdún tó kọjá ni ọkọ mi dákẹ́ ní ọsibítù kan ní Jẹ́ríkò. Mùsùlùmí ni wá, òkú wa kì í sùn. Kí wọ́n tó kírun Àsárì, wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ tán ní ẹ̀yìnkùlé. Kùdírátù, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, wà ní Kánádà, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó ẹlòmíràn. Kò sí bàálù tó lè gbé e dé kí oòrùn tó wọ̀.

Ó ní, "Màámi, ohun kan ni mo fẹ́. Ẹ jẹ́ kí n rí ojú Bàbá kí wọ́n tó fi aṣọ bò ó."

Áfáà gbà pé kó wò ó lórí fóònù, ṣùgbọ́n ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya ojú òkú pamọ́. Wíwò lẹ́ẹ̀kan, ó tán.

Adùnọlá, ọmọbìnrin kan tó ń kàwé ní Yunifásítì tó sì ń gbé ìsàlẹ̀ ilé, ló bá mi di fóònù mú. Àwọn ayálégbé ṣe èèyàn lọ́jọ́ yẹn. Ojúlé kọ̀ọ̀kan pa ohun tó ń lò, wọ́n ní kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè dúró fún mi. Àfi Gbádérọ̀. Òkè ló ń gbé, ní igun ọ̀tún. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fa fíìmù àti géèmù láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì sórí kọ̀ǹpútà mẹ́sàn-án, kí àwọn ọmọ iléèwé máa wá gbà á sórí fóònù wọn. Bí wọ́n ṣe ṣí aṣọ lójú ọkọ mi báyìí, ni àwòrán bá gan. Adùnọlá sáré gun òkè lọ.

"Bọ̀dá Gbádérọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró díẹ̀. Àǹtí Kùdí ò rí nǹkan kan."

Adùnọlá ní kò tiẹ̀ yí ọrùn. Ó ní, "Bá mi kí Màmá kú àṣẹ̀yìndè. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la ni ín o."

Gbogbo wa la ni ín. Nígbà tí àwòrán máa fi mira, pákó ni ọmọ mi rí, àti yẹ̀pẹ̀ lórí pákó.

"Màámi, ojú Bàbá dà?"

Láti ọjọ́ náà ló ti ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá akọ̀wé sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì. Ẹ káàárọ̀ mà, ṣé ẹ ti jẹun, ó dàbọ̀. Nígbà tí àdúrà ọdún kan wá ń sún mọ́lé, ó ní òun á jókòó tì mí lórí fóònù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pé kí n gbé òun dé ojú sàréè. Ó wá fi kún un pé, "Bó bá tún já, Màámi, ẹ má pè mí síbi irú ẹ̀ mọ́ láéláé."

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Ọkọ ti lọ. Ọmọ náà sì ti ń múra àtilọ.

Ẹ ó ní kí ló dé tí n kò lé Gbádérọ̀. Ọkọ mi ló fọwọ́ sí ìwé ilé ọdún mẹ́ta fún un, ó sì ṣì ku ọdún kan àbọ̀. N kò lè ya ìwé tí ọwọ́ òkú wà lórí rẹ̀. Àmọ́ mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lókè orí mi láràárọ̀, mo sì máa ń kà á bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbà: ẹsẹ̀ kan, èpè kan. Òun, ńṣe ló máa ń kí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ẹni tó su ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Adùnọlá ló mú Láwùmí wá. Ọmọ Ìgbòho ni Láwùmí, bàbá rẹ̀ jẹ́ díákónì ní ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún. Ó kàwé ẹ̀rọ ní Pólì, ó sì bá ilé-iṣẹ́ kan fa wáyà ní Onírèké fún ọdún mẹ́sàn-án. Ọ̀gá ibẹ̀ a máa ní kó jókòó ti fóònù, kí àwọn ọkùnrin máa gun àkàbà. Lọ́jọ́ tó sú u, ó ra àkàbà tirẹ̀, ó gbé e kọjá níwájú ọ̀gá, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú kí n gbé e sínú kẹ̀kẹ́." Ọ̀gá náà sì bá a dì í. Láti Àkóbọ̀ ló ti ń wá, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì ló ń gbé ibẹ̀. Ó máa ń ki sùkúrúdíráfà bọ inú irun rẹ̀ bí ẹni ki abẹ́rẹ́ bọ aṣọ, ó sì máa ń kọ orin ìjọ lórí àkàbà. Kì í mu omi nílé ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un, àfi tí iṣẹ́ bá parí. Mo bu omi fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní, "Ẹ bá mi gbé e síbẹ̀ ná, Màmá."

Mo sọ fún un pé, "Ọmọ mi, mo fẹ́ kí o fún ẹnì kan lọ́rùn."

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mo ń tún ṣe o."

"Ọrùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ náà ni mo ń wí."

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, láti ojú òkú dé yẹ̀pẹ̀. Kò bá mi sunkún, kò sì bá mi wí. Ó so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ tó ń pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì, èyí tó wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Ó ní òun á wò ó fún ọjọ́ méje. Nígbà tó padà wá, ó ní nínú ohun mẹ́wàá tó ń wọlé, Gbádérọ̀ nìkan ń kó mẹ́jọ.

"Ṣé ó ń jí i ni?"

"Kò jí i, Màmá. Ẹ ò ṣòfin ni. Ẹni tó lọ́wọ́ mẹ́sàn-án ló ń bá ẹni ọlọ́wọ́ kan bu omi lójú kan náà." Ó jókòó lórí àtẹ̀gùn. "Ìyá mi ló ń mójú tó ẹ̀rọ omi ìjọ wa ní Ìgbòho, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ fà. Ọrùn wọn ni kọ́kọ́rọ́ máa ń wà. Obìnrin kan wà ládùúgbò wa, ọmọ mẹ́jọ ló máa kó wá, kálukú pẹ̀lú korobá tirẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á tún gbé àgbá. Kó tó kúrò níbẹ̀, oòrùn ti mú gbogbo èèyàn. Ìyá mi wá ṣòfin. Wọ́n ní àwọn ò ka orí mọ́, ilé làwọn ń kà. Korobá kan fún ilé kan. Bó o bá ti pọn ọ́n, padà sẹ́yìn lọ tò. Bí ilé kan ò bá wá lọ́jọ́ náà, kí àwọn tó wá pín tirẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá dé, kí wọ́n bì sẹ́yìn fún un."

"Ẹni tó ń ṣàìsàn ńkọ́?"

"Màmá, ibi tí mò ń bọ̀ gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá mú ife wá fún aláìsàn kì í tò nílùú wa. Wọ́n á ní, 'Jẹ́ kó bu tiẹ̀ kó máa lọ.' Kí ni ife kan máa dín kù? Ìpè tí ẹ fi ń rí Àǹtí Kùdí, ife ni. Kì í mu tó bí ẹ ṣe rò. Ohun tó pa á lọ́jọ́ yẹn ni pé wọ́n tò ó sẹ́yìn àgbá Gbádérọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Ife omi lásán ni ọmọ mi ń bèèrè.

Mo ní, "Ó dáa. Èmi ni mo dàgbà jù nínú ilé yìí, èmi ni mo sì ni ín. Fún mi ní ìpín mẹ́ta."

"Ẹran ni wọ́n ń fi ipò pín, Màmá. Òùngbẹ kì í mọ àgbà."

"Fún Gbádérọ̀ ní òdo, nígbà náà."

Ó yọ sùkúrúdíráfà kúrò nínú irun rẹ̀, ó ń yí i lọ́wọ́. Ó ní, "Mi ò ní ṣe é. Wọ́n ṣe é rí ní Ìgbòho. Ọkùnrin kan bú ìyá mi, àwọn àgbà ìjọ ní kí ilé rẹ̀ má pọn omi mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó gbé irin wá, ó ṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀rọ. Odò ni gbogbo wa mu títí òjò fi dé. Màmá, ẹni tí ẹ bá fún ní díẹ̀, á kùn, á jókòó ti díẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ẹ ò bá fún ní nǹkan kan, kò ní ohun tó ń bẹ̀rù mọ́."

Mo ní mo ti gbọ́. N kò gbọ́.

Ó ṣe é bí òfin ìyá rẹ̀. Ìwọ̀n ogójì ni àwo wa ń gbé wálé. Ó pín in fún ojúlé mẹ́jọ ní márùn-ún márùn-ún, yálà kọ̀ǹpútà kan lo ní tàbí ogún. Ó ní ohùn àti ojú ẹni tó ń pè yóò máa kọjá ṣáájú, fíìmù á máa tẹ̀ lé e. Ó wá gbé fóònù àlòkù kan fún mi, ó fi ojú-ewé kan hàn mí nínú rẹ̀: orúkọ ojúlé mẹ́jọ, márùn-ún níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo lè ka nọ́ńbà dáadáa, ẹni tó fi téèpù wọn àyà àti ìdí fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n kì í ṣi nọ́ńbà kà.

"Ẹ̀yin lẹ nilé, ó yẹ kẹ́ ẹ máa rí i. Ẹ máa wò ó o, Màmá. Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Ní ọjọ́ kejì, kí n tó bẹ iṣu àárọ̀, Gbádérọ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà mi.

"Màmá, ẹ ẹ̀ rí i pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wọ́ bí ìgbín?"

"Tèmi ń sáré."

"Kọ̀ǹpútà mẹ́sàn-án ni mo ní o!"

"Ojúlé mélòó lo ní?"

Mo tẹjú mọ́ ọn, mo jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rọra jáde lẹ́nu mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń tú okùn aṣọ. "Gbádérọ̀, gbogbo wa la ni ín o."

Ó mọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dájú. Ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó gun òkè padà. N kò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú. Inú iṣu náà ni mo rẹ́rìn-ín sí.

Ó gbọ́n, kò gbọ́n tó. Ó lọ gbé kọ̀ǹpútà mẹ́ta wá sí i láti Dùgbẹ̀, ó rò pé ọwọ́ tó bá pọ̀ sí i ni omi tó máa pọ̀ sí i. Àwọn méjìlá wá ń pín ohun tí mẹ́sàn-án ń pín tẹ́lẹ̀. Mo máa ń jókòó sí ìdí àtẹ̀gùn, mo máa ń gbọ́ tí àwọn ọmọ iléèwé ń sọ fún un lókè pé, "Bọ̀dá, láti ìjẹta lẹ ti ní ó ku díẹ̀!" Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́ òfo, wọ́n á kí mi, èmi náà á sì kí wọn tọ̀yàyà-tọ̀yàyà.

Ó yẹ kó tó mi. Kò tó mi. Ẹni tí wọ́n gba ojú ọkọ lọ́wọ́ rẹ̀, ta ní lè fi márùn-ún tù ú nínú?

Ọjọ́ Sátidé ni àdúrà ọdún kan bọ́ sí. A tẹ́ ẹní sí ẹ̀yìnkùlé, Áfáà wá, ẹbí wá láti Ṣakí. Láwùmí náà wá, ó wé gèlè bo orí títí dé etí láti fi bu ọlá fún wa, ó jókòó sí ìdí àtẹ̀gùn pẹ̀lú àpò kọ̀ǹpútà rẹ̀. Kùdírátù yọ lórí fóònù, ojú rẹ̀ mọ́ kedere bí ẹni tó wà ní yàrá kejì. Mo rí ewú kan ní iwájú orí rẹ̀ tí n kò mọ̀ pé ó ti ní. Mo gbé fóònù náà fún Adùnọlá.

Mo wá wọ yàrá lọ. Mo gbé fóònù àlòkù náà, mo wá orúkọ Gbádérọ̀ kàn, mo pa márùn-ún rẹ́, mo kọ òdo. Mo sọ fún ọkọ mi nínú ọkàn mi pé, òní ni tìrẹ, kò sẹ́ni tó máa bá ọ pín in. Mo jáde, mo jókòó, mo tẹ́ ọwọ́ mi fún àdúrà.

Wọ́n ka Yáásín. Kùdírátù ń bá wa ṣe àmín, ohùn rẹ̀ kò gé. Áfáà ní ká dìde lọ sójú sàréè. Láwùmí náà dìde ní ìdí àtẹ̀gùn, ó tẹ̀ lé wa. Adùnọlá ti gbé fóònù sókè, ó ku bí ẹsẹ̀ mẹ́wàá kó débẹ̀, nígbà tí Gbádérọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti òkè pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì. Ó ṣe ohun tí gbogbo ará Ìbàdàn máa ń ṣe bí ẹ̀rọ bá kọṣẹ́: ó fa wáyà ẹ̀rọ tó ń pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì yọ lára ògiri kó lè pa á, kó tún un tàn.

Ojú ọmọ mi gan lórí fóònù. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ níbi tó ti ń ṣe àmín.

Adùnọlá figbe ta. Àwọn ẹbí yí Gbádérọ̀ po lójú àtẹ̀gùn, wáyà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìwọ náà tún ni! Ìwọ náà tún ni!"

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ ná! Tèmi ló kú pátápátá. Mo rò pé ẹ̀rọ ló dákú. Mi ò mọ̀ pé tiyín ń ṣiṣẹ́!"

"Irọ́ lò ń pa!"

Àbúrò ọkọ mi ti ká apá aṣọ rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo fi ọdún kan tọrọ wà níwájú mi: Gbádérọ̀ láàárín èrò, òógùn lójú, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́.

Láwùmí gba wáyà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ki í bọ ara ògiri, ó ṣí kọ̀ǹpútà lórí itan. Mo rí i nígbà tó rí òdo náà. Ó gbójú sókè wò mí. Kò pe orúkọ mi, kò mi orí. Ó kàn tẹ nǹkan kan, ó ní, "Ìṣẹ́jú mẹ́ta, Màmá." Lẹ́yìn náà ló rọra sọ ọ́ tó jẹ́ pé èmi nìkan ló gbọ́: "Ọwọ́ ẹ̀rọ ti ṣẹ́."

Ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn gùn ju ọdún tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Nígbà tí iná ẹ̀rọ padà, a pe Kùdírátù. Kò gbé e. A tún pè. Kò gbé e. Mo gba fóònù lọ́wọ́ Adùnọlá, mo pè é fúnra mi, mo ń ka bó ṣe ń dún. Ó gbé e. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Màámi. Ta ló já a?"

Mo lè sọ orúkọ kan, kó sì tán síbẹ̀. Kò sẹ́nì kan níbẹ̀ tí kò ní bá mi jẹ́rìí.

Mo ní, "Èmi ni."

"Ẹ̀yin báwo?"

"Mo fún ẹni tó gba ojú bàbá rẹ lọ́wọ́ wa lọ́rùn. Òdo ni mo fi fún un. Ó ń wá èémí kiri, ló bá fọwọ́ kan tìrẹ. Èmi ni mo já a, Kùdí."

Nǹkan kan bọ́ lẹ́nu rẹ̀ tí n kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. "Màámi yìí! Bàbá ò kúkú parọ́. Wọ́n ní bí èèyàn bá ṣẹ̀ yín, kó tètè yá owó ọkọ̀, kó sá kúrò nílùú." Ó nu imú. "Ẹ gbé mi lọ sọ́dọ̀ wọn."

Mo gbé e lọ. Ó bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ́. N kò ní kọ ohun tó sọ. Kò já.

Nígbà tí mo padà, Gbádérọ̀ ṣì dúró sí ìdí àtẹ̀gùn. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ń wò mí bí ẹni tó ń retí pé kí n bẹ òun.

Mo ní, "Má wò mí. N kò bẹ̀ ọ́. Ọdún kan ni mo fi ń retí pé kí o bẹ̀ mí. Márùn-ún rẹ ti padà, lọ sókè lọ mu ún."

Ó ní, "Màmá, ọjọ́ yẹn..." Kò rí i sọ tán. Ó gun òkè lọ.

Láwùmí yí páásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń ṣí ẹ̀rọ náà padà lójú mi, ó sì gba fóònù àlòkù náà lọ́wọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gba abẹ lọ́wọ́ ọmọdé. Ó ní òun á máa wá wò ó fúnra òun lóṣooṣù. N kò bá a jiyàn. Ó wá ní, "Màmá, omi mi dà?" Mo bu ún fún un, ó mu ún tán lórí ìdúró, ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ń kọ orin lọ sí ọ̀nà Bódìjà.

Kùdírátù ti ń pè mí láràárọ̀ báyìí, ó tiẹ̀ ti ń bá mi jà bíi ti tẹ́lẹ̀. Ní ti Gbádérọ̀, ó ku oṣù márùn-ún kí ìwé rẹ̀ tó pé. N kò dárí jì í, n kò sì ní purọ́ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á pé mo dárí jì í. Àmọ́ n kò gbàdúrà kó kú mọ́. Mo ń gbàdúrà kó pẹ́ láyé, kí ara rẹ̀ le, kó máa fi kọ̀ǹpútà méjìlá retí fíìmù kan ṣoṣo, kí n sì máa gbọ́ ọ lókè orí mi tó ń mí kanlẹ̀.